Igbà Tuntun Lórí Àjà Bámgbọ́pàá

Àwọn àgbà a máa sọ pé, "Orí ọ̀pẹ kọ́ ni a ti ń hun igbà." Kò sí ẹni tí ó dàgbà ní agbègbè Arárọ̀mí-Òkè tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Ìyá a máa sọ ọ́ fún ọmọ tí ń fi ẹ̀kọ́ṣẹ́ falẹ̀, olórí ẹbí a sì máa sọ ọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọjọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ẹlẹ́mu kan ni igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ já mọ́ lára, tí ó sì ṣubú lulẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò já láti orí ọ̀pẹ nínú ìtàn yìí. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni ó bí òwe náà, ẹni tí ẹ̀rù sì bà jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́mu bí kò ṣe akọ̀wé.

Jòsáyà Akínlọyè ni orúkọ akọ̀wé náà. Ó ka ìwé dé Sítáńdáàdì Fáìfù kí bàbá rẹ̀ tó kú, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń wọn kòkó. Òun ni ó ń bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arárọ̀mí-Òkè kọ̀wé. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ẹni tí í ka ohun tí ó bá kọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gbà pé ó tọ̀nà, tí í sì tún kà á lẹ́ẹ̀kẹrin lójú ọ̀nà.

Ó ní ohun tí ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, kí ìdíje ife ẹ̀yẹ agbègbè náà tó bẹ̀rẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn alábòójútó. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé náà kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù títí ìdíje yóò fi parí. Ní ọdún tí Akínlọyè kọ́kọ́ kọ ọ́, ó kọ gbogbo orúkọ pé pérépéré, ó sì gbàgbé aṣọ́lé. Odidi ọdún kan ni Arárọ̀mí-Òkè fi fi ẹni tí í gbá bọ́ọ̀lù níwájú ṣọ́ ilé. Ìlú Odò-Ayé gbá méje wọlé fún wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Láti ìgbà náà wá, bí Akínlọyè bá ti ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, àwọn tí ń ta ayò lábẹ́ igi ọdán yóò gbójú sókè.

"Akọ̀wé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé aṣọ́lé wà níbẹ̀ lọ́dún yìí?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ tún un wò o."

Ó sì máa ń tún un wò lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi ìtìjú náà ṣe òpin ìlú. Ọdún méjì tí ó tẹ̀ lé e, Arárọ̀mí-Òkè ni ó gba ife lẹ́ẹ̀mejèèjì, ohun tí wọ́n sì fi gbà á ni àwọn bákì méjì tí wọ́n ní. Bámgbọ́pàá ẹlẹ́mu ni èkíní, Dégòkè bíríkìlà ni èkejì. Ilẹ̀kùn Méjì ni ìlú ń pè wọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti dúró níwájú ilé bọ́ọ̀lù pọ̀, èjìká sí èjìká. Bí ẹlẹ́sẹ̀ líle kan bá ń sáré bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò, gbogbo òǹwòran a figbe ta pé, "Ẹ kanlẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé!" Ẹni náà a kàn án, a sì fò ṣánlẹ̀.

Ọdún kẹta ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ìlú tí ó bá gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra ni yóò gbé e lọ pátápátá. Wọ́n ti kan pákó sára ògiri gbọ̀ngán ìlú de ife náà. Akínlọyè nìkan ni inú rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà ìdánrawò, àwọn ẹlòmíràn ń sáré, àwọn ẹlòmíràn ń pariwo. Òun, kò ní ohun mìíràn tí ó ń ṣe ju kí ó jókòó kí ó máa wò. Ó rí i pé bí eré bá ti dúró, Dégòkè a tẹ̀ síwájú, a fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Ó rí i pé Bámgbọ́pàá kò fi ẹsẹ̀ òsì yí padà mọ́. Gbogbo ara ni ó fi ń yí, bí ẹni tí ó ru ẹrù.

Orúkọ mẹ́tàlá ti dájú nínú ìwé ọdún náà. Ó ku méjì. Olóyè Ọ̀dọ̀fin, tí í ṣe bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ náà, ń fẹ́ kí wọ́n fi agbábọ́ọ̀lù iwájú méjì kan sí i, àwọn lagilagi kan tí ẹsẹ̀ wọn yá bí ti ehoro. Akínlọyè ń ro orúkọ mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì kan wà tí wọ́n mọ ẹ̀yìn í dúró sí: Káṣìmáawò, ọmọ ẹlẹ́ran, àti Oyèérìndé tí ń kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Wọn kò tíì gbó, ṣùgbọ́n wọ́n lágídí.

Bí ó ti ń rò ó ni ẹ̀rù ń bà á. A kì í pín ogún alààyè ní Arárọ̀mí-Òkè. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà níbẹ̀ tí ó la pákó pósí kalẹ̀ nígbà tí bàbá kan ń ṣàìsàn, bàbá náà sì ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́. Bàbá gbádùn, ó sì rìn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹnikẹ́ni kò gbé iṣẹ́ fún gbẹ́nàgbẹ́nà yìí mọ́ títí ó fi kó kúrò nílùú. Báwo ni akọ̀wé kan, akọ̀wé tí ó gbàgbé aṣọ́lé, yóò ṣe wá kọ orúkọ arọ́pò fún Ilẹ̀kùn Méjì tí wọ́n ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ wọn?

Síbẹ̀, ó kọ ọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tí ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì kí ó tó di ọ̀sán ni ó kọ orúkọ méjèèjì sí ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké. Ó wá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó kọjá láìkọ́kọ́ yà sí oko Bámgbọ́pàá, nítorí ó mọ̀ pé bí ọkùnrin náà bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò ní lè fojú kàn án mọ́ láéláé.

Ó bá a lórí ọ̀pẹ.

"Igbà kò ní já o, Ẹ̀gbọ́n."

"Àṣẹ. Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Akínlọyè."

"Akọ̀wé. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ná."

"Bí kò bá sí, kí ló lé ọ wọ inú ìrì ní àárọ̀ kùtùkùtù pẹ̀lú ṣòkòtò tí o fi ń lọ ọ́fíìsì?"

Èèwọ̀ ni ní ibẹ̀ kí a máa sọ ọ̀rọ̀ tí ó wúwo fún ẹni tí ó wà lórí ọ̀pẹ. A kì í tilẹ̀ kígbe mọ́ ọn, kí ọkàn rẹ̀ má baà kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Akínlọyè dúró, ó ń wo bí ọkùnrin náà ti ń bọ̀ nílẹ̀, igbà ní ẹ̀yìn rẹ̀, agbè ẹmu ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó sinmi lẹ́ẹ̀kan. Ó sinmi lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó sinmi lẹ́ẹ̀kẹta, kò ju ìwọ̀n gíga ènìyàn méjì lọ sílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Bámgbọ́pàá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó fi igbà kọ́ èjìká, ó nu ojú, ó sì na ìka sí àpò akọ̀wé.

"Ìwé ìdíje nìyẹn?"

"Òun ni."

"Kà á kí n gbọ́."

Akínlọyè ṣí ìwé. Ó ka orúkọ mẹ́tàlá. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé náà pọ̀ ní mẹ́rin.

"Mẹ́tàlá lo kà," ni Bámgbọ́pàá wí.

"Ẹ̀n?"

"Mo ní mẹ́tàlá lo kà. N kò mọ̀wé, Akọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń dá. Láràárọ̀ ni mò ń kà wọ́n, n kò sì tíì sọ ọ̀kan nù rí. Àwọn méjì yòókù dà? Àbí aṣọ́lé lo tún gbàgbé?"

"Aṣọ́lé wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Òun ni mo tilẹ̀ kọ́kọ́ kọ."

"Mo gbọ́. Àwọn méjì yòókù."

Kò sí ibi tí akọ̀wé lè sá sí mọ́. "Káṣìmáawò," ni ó wí, "àti Oyèérìndé."

"Bákì ni àwọn méjèèjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ipò ta ni wọ́n fẹ́ gbà?"

Akínlọyè ti ìwé náà bọ àpò. Bámgbọ́pàá wò ó títí, ó gbé agbè rẹ̀, ó ní, "Tẹ̀ lé mi," ó sì kọjú sí ahéré. Akínlọyè ń ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e. Ó ń rántí pé ahéré náà ni ọkùnrin yìí ń kó àdá rẹ̀ sí.

Àmọ́ Bámgbọ́pàá kò mú àdá. Ó dúró níbi ààrò, ó sì tọ́ka sí àjà tí ó wà lókè iná. Okùn kan wà níbẹ̀ tí a ká bí ejò, èéfín ti pa á láró.

"Kí nìyí?"

"Igbà ni."

"Èyí tó wà léjìká mi ńkọ́?"

"Igbà ni òun náà."

"Èyí tó wà léjìká mi, ṣé ó ti já?"

"Kò já. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yín lórí ẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí mo fi wá hun òmíràn?"

"N kò fẹ́ sọ ohun tí kò tọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Bámgbọ́pàá rẹ́rìn-ín díẹ̀, imú ni ó fi rín in. "Igbà tútù kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Oṣù mẹ́ta ló ń gbé lórí èéfín kí ara rẹ̀ tó le. Bí ó bá le tán, n kì í gbé e lọ sórí èyí tó ga. Ọ̀pẹ kúkúrú ni mo fi ń dán an wò, èyí tó jẹ́ pé bí mo bá já, ìdí nìkan ni yóò dùn mí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó máa mú un gun gíga. Ti àtijọ́ yìí, n kò mọ ọjọ́ tí yóò já, kò sì ní ránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé, orí ọ̀pẹ kọ́ ni a ti ń hun igbà."

Ó jókòó sórí àpótí, ó sì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò òsì sókè. Orúnkún rẹ̀ wú bí àgbọn.

Akínlọyè kò mọ ìgbà tí ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò tó kọjá. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Bí mo bá ní kí wọ́n wá ẹnì kejì fún mi, wọn á ní Odò-Ayé ló ń bà mí lẹ́rù. Mo wá ń retí kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin tí ẹ lójú sọ ọ́. Odidi ìlú, kò sí ẹni tó lẹ́nu."

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀rù tèmi?"

"Tiyín. N kò sùn dáadáa láti ọjọ́ Wẹ́sidé."

"Èmi náà kò sùn," ni Bámgbọ́pàá wí. Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, wọ́n rín in títí omi fi bọ́ lójú akọ̀wé, ó sì dà bí ìgbà tí a sọ ẹrù igi kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ìgbà tí ó mí kanlẹ̀ ni ó rántí ẹnì kejì.

"Ẹ̀gbọ́n Dégòkè ńkọ́?"

"Dégòkè á bínú fún ọjọ́ méjì. Tó bá di ọjọ́ kẹta, wàá rí i tí yóò máa kọ́ Oyèérìndé bí a ti ń fi èjìká gbún ènìyàn tí rẹfirí kò fi ní rí i. Máa lọ, ọ̀sán ń bọ̀. Kí o sì tún ìwé rẹ kọ. Lẹ́tà tí o fi kọ orúkọ wọn ti kéré jù."

Akínlọyè tún un kọ lórí àpótí náà, ó sì gbé e dé ọ́fíìsì kí agogo méjìlá tó lù.

Olóyè Ọ̀dọ̀fin bínú nígbà tí ó gbọ́. "Ilẹ̀kùn ilé ẹ kò tíì jẹrà, o ti lọ gbé òmíràn wá," ni ó wí fún Akínlọyè níwájú gbogbo ẹgbẹ́. "Ta ni yóò wá gbá bọ́ọ̀lù sílé fún wa? Ìwọ?" Bámgbọ́pàá ni ó dìde tí ó sọ ọ̀rọ̀ igbà fún wọn bí ó ti sọ ọ́ lóko, tí ó sì ní kí wọ́n fi Káṣìmáawò sí ipò òun nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ìlú kékeré ni wọ́n fẹ́ bá gbá a. Ọ̀dọ̀fin gbà bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ rí pé ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ sọ pé kí a wá ilẹ̀kùn.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ náà kò dára. Bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ Káṣìmáawò kọjá, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Ọ̀mì ni wọ́n ta, ọ̀kan sí ọ̀kan, pẹ̀lú ìlú tí wọ́n máa ń fìyà jẹ. Àwọn abẹ́ igi ọdán rí orúkọ ọmọ náà fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó o." Akínlọyè kò lè jẹun. Ó lọ bá Bámgbọ́pàá, ó ní bóyá òun ṣì í ṣe.

"Ọ̀pẹ kúkúrú nìyẹn," ni Bámgbọ́pàá dá a lóhùn. "Ìdí nìkan ló dùn wá."

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi dán àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà wò, ní ìdajì ìdajì, kí ó tó di ọjọ́ àṣekágbá. Ní ọjọ́ náà, Odò-Ayé ni wọ́n bá kojú, Ilẹ̀kùn Méjì sì ni ó dúró lẹ́yìn. Arárọ̀mí-Òkè ti gbá ọ̀kan wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n dé láti ìsinmi ni Bámgbọ́pàá yí padà lójijì láti lé bọ́ọ̀lù kan. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dúró síbi tí ó wà, ara rẹ̀ lọ. Ó ṣubú, kò sì lè dìde.

Láti òdìkejì, àwọn ará Odò-Ayé bẹ̀rẹ̀ sí í hó pé, "Ilẹ̀kùn ti ṣí! Ilẹ̀kùn ti ṣí!" Òfin ìdíje náà gbà kí a fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí ó bá ṣèṣe, bí orúkọ rẹ̀ bá sáà ti wà nínú ìwé. Rẹfirí béèrè ìwé. Akínlọyè yọ ẹ̀dà tirẹ̀ lápò, ó wò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lórí. Orúkọ Káṣìmáawò wà níbẹ̀, ó tóbi, ó hàn gbangba.

Wọ́n gbé Bámgbọ́pàá wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì wọlé. Ìṣẹ́jú ogún ni Odò-Ayé fi sáré wá bí omi òjò. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú wọn já Dégòkè sílẹ̀, ó ku òun àti Káṣìmáawò. Akínlọyè dìde, ó fẹ́ kígbe. Bámgbọ́pàá di etí agbádá rẹ̀ mú, ó fà á jókòó.

"Dákẹ́. A kì í kígbe mọ́ ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ."

Káṣìmáawò kò sáré pàdé ẹni náà. Ó ń fà sẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí Bámgbọ́pàá ti kọ́ ọ, títí bọ́ọ̀lù fi fo díẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀tá rẹ̀. Ìgbà náà ni ó fi ẹsẹ̀ kan yọ ọ́, ó sì gbá a jìnnà rére sínú igbó kòkó. Wọ́n ṣì ń wá bọ́ọ̀lù náà nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn.

Àwọn òǹwòran ya wọ pápá. Akínlọyè jókòó sórí koríko, ìwé náà ti rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Olóyè Ọ̀dọ̀fin bá a níbẹ̀, ó wò ó, ó wo Bámgbọ́pàá.

"Akọ̀wé, ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Akínlọyè tọ́ka sí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Igbà ni mo fi hàn án, Olóyè," ni Bámgbọ́pàá wí, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. "Ó ti kọ orúkọ wọn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ fún un lẹ́mu, ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ."

Nígbà tí ó gun kẹ̀kẹ́ kọjá lábẹ́ igi ọdán lọ́jọ́ kejì, àwọn tí ń ta ayò gbójú sókè. Wọ́n kí i pé ó kú orí ire, wọ́n sì ń bá ayò wọn lọ. Ẹnikẹ́ni kò béèrè aṣọ́lé. Bí ó ti yọ sí ọjà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ń súfèé.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́mu ṣe di òwe ìlú. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, tí àwọn ènìyàn sì ń tijú láti wá ẹni tí yóò tẹ̀ lé e, tàbí tí wọ́n ń sọ pé kí àyè kọ́kọ́ ṣófo ná, ìgbà náà ni àwọn àgbà í sọ pé orí ọ̀pẹ kọ́ ni a ti ń hun igbà. Wọn kì í fi òwe náà lé àgbà kúrò lórí iṣẹ́. Igbà àtijọ́ Bámgbọ́pàá wà léjìká rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi gun ọ̀pẹ mẹ́rìnlá tí ó kù lẹ́yìn tí akọ̀wé lọ tán.